Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Yọ̀ Níbi Tí Ẹlòmíràn Ti Sunkún?



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtúnṣe òrùlé tí ẹ ti gbọ́ títí tí ó fi sú yín. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni, àti ọ̀rọ̀ ìbéèrè kan tí ó ti ẹnu àbúrò mi obìnrin jáde, tí n kò sì rí èsì rẹ̀ fọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Àbúrò mi yìí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Letterkenny, ìlú kan ní àgbègbè Donegal, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Írẹ́lándì. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀, wọ́n lọ sí ibì kan tí a ń pè ní Glenveagh, láti wo ilé olódi, láti rìn ní etí adágún, kí wọ́n sì gba atẹ́gùn tútù sára. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ó dúró níwájú ilé gíga kan tí a fi òkúta akọ kọ́, omi adágún ń dán lẹ́yìn rẹ̀, òkè sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lábẹ́ fọ́tò náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sí: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rẹ́rìn-ín, mo ti ya fọ́tò, mo ti jẹun yó ní etí omi náà, kí bàbá arúgbó kan tí ó jókòó nítòsí wa tó sọ fún mi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ṣé mo ṣẹ̀ ni? Ẹ̀yin ni akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rò ó.”

Mo rò ó. Mo ka ohun tí mo lè kà nípa ibẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti àbúrò mi nìkan lọ, mo ní kí n gbé e wá sí iwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí ibẹ̀ bí àlejò ti ń rí i. Glenveagh jẹ́ àfonífojì kan láàárín òkè. Adágún tí ó wà nínú rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bí aṣọ tí a sá sílẹ̀ láàárín ilé méjì. Ní etí adágún náà ni ilé olódi wà, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ rẹ̀ àti ọgbà òdòdó rẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ wà tí ó lọ sí etí omi, òmíràn gba inú igbó, òmíràn sì gun òkè. Agbo àgbọ̀nrín ń jẹ̀ kiri lórí òkè. Ní ọdún 2001 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyẹ idì wá láti Skọ́tílándì, nítorí pé èyí tí ó wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ ti parun. Gbogbo ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 16,000 hẹ́kítà. Bí àlejò bá dúró lórí òkè, yóò wò títí kò ní rí ilé mìíràn. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ohun tí àwọn ènìyàn ń yìn jù níbẹ̀. Wọ́n ní ó ń wo ọkàn sàn.

Ẹni tí ó bá rí ilé olódi náà yóò rò pé ọba ayé ìgbàanì kan ni ó kọ́ ọ nígbà ogun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1873 ni a parí rẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bí ohun àtijọ́ ni, bí ẹni tí ó ra aṣọ òfì ní ọjà lánàá tí ó sì ní ti baba ńlá òun ni. Kò sí ọmọ ogun kan tí ó gbógun tì í rí nígbà tí a ń kọ́ ọ. Àwọn tí ìbá bínú sí i ti lọ.

Ìtàn ìlọ wọn nìyí. Ẹ rántí pé ilẹ̀ Írẹ́lándì ti rí ìyà ńlá ṣáájú. Láti ọdún 1845 títí di 1852, àrùn kan bá pòtétò jà nínú oko, pòtétò yìí gan-an tí àwa níhìn-ín ń pè ní pòtétò Áíríṣì tí ó kún ọjà Jos. Pòtétò ni oúnjẹ tálákà níbẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tí ó ṣẹ́kù kì í ṣe onílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n, lórí ilẹ̀ tí baba wọn ti gbé kí ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ náà tó dé.

Ní nǹkan bí ọdún 1857 sí 1859, ọkùnrin olówó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John George Adair ra ilẹ̀ káàkiri àgbègbè náà. A ní ẹwà ibẹ̀ ni ó fà á. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn àgbẹ̀, lórí ọdẹ ṣíṣe àti lórí ẹran tí ó ń ṣìnà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1860, a rí òkú alábòójútó rẹ̀, James Murray, lórí òkè. Wọ́n pa á ni. A kò rí ẹnì kan dá lẹ́bi títí di òní. Adair ní àwọn àgbẹ̀ mọ apànìyàn náà, wọ́n sì ń fi í pamọ́, nítorí náà gbogbo wọn ni yóò lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1861, aṣojú ilé ẹjọ́ dé pẹ̀lú ọlọ́pàá tí ó tó 200. Opó kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ìdílé 47 ni, ènìyàn 244, àti arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n bá ti kó ènìyàn jáde tán, wọn a ṣí òrùlé, tàbí kí wọ́n wó ògiri, kí onílé má baà padà wọlé lóru. Àwọn kan lọ sí ilé tí a kọ́ fún àwọn aláìní ní Letterkenny, ìlú tí àbúrò mi ń gbé lónìí. Àwọn kan tọ ẹbí lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1862, àwọn aláàánú dá owó jọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọn sì wọ ọkọ̀ lọ sí Australia. Àwọn àlàpà kan ṣì wà ní àdúgbò Derryveagh fún ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wò, tí koríko ti bò mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni Adair fẹ́ ìyàwó ọlọ́rọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, tí ó sì kọ́ ilé olódi sí etí adágún. Ó kú ní ọdún 1885. Ìyàwó rẹ̀, Cornelia, gbé títí di ọdún 1921. Orúkọ rere ni àwọn ará àdúgbò fi ń rántí òun. Òun ni ó gbin ọgbà tí àbúrò mi ti ya fọ́tò.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè náà nìyẹn. Ilé arẹwà, omi arẹwà, ọgbà arẹwà, lórí ilẹ̀ tí a lé ènìyàn 244 kúrò. Kí ni kí ọmọlúàbí ṣe tí ó bá dé irú ibẹ̀?

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú wọn tí ń ta aṣọ sọ pé, “Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ adágún? Omi kò lé ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí ọmọ náà gbádùn ara rẹ̀.” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yìnyín ńlá ayé àtijọ́ ni ó gbẹ́ àfonífojì náà, kí a tó bí baba ńlá Adair. Adair kò dá òkè, kò sì dá ọ̀run tí ń hàn nínú omi. Bí a bá ní kí a kórìíra gbogbo ohun tí ọwọ́ ìkà ti kàn, a ti fún ìkà ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ oníṣòwò yìí kò tó. Mo ti sọ pé ìdákẹ́rọ́rọ́ ni àlejò ń yìn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé ta ni ó ṣe ìdákẹ́rọ́rọ́ náà. Yìnyín kọ́. Kí oṣù kẹrin ọdún 1861 tó dé, èéfín ń rú níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ajá ń gbó, ìyá ń pe ọmọ wọlé. Apá kan nínú ohun tí ń wo ọkàn àlejò sàn, aṣojú ilé ẹjọ́ ni ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Nítorí náà a kò lè sọ pé ẹwà ibẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà.

Òdòdó kan wà tí yóò là á yé wa. Rhododendron ni orúkọ rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ayé àtijọ́ ni wọ́n mú un wá láti òkèèrè láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ó bá tanná, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ a bo ẹ̀gbẹ́ òkè bí aṣọ àríyá. Gbogbo àlejò ni ń ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí irúgbìn igi ìbílẹ̀ kì í lè hù lábẹ́ rẹ̀. Ní Glenveagh àti ní Killarney lápá gúúsù, wàhálà ńlá ni ó jẹ́ fún àwọn tí ń tọ́jú igbó. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń hú u, ó tún ń yọ. Bí o bá bi irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bóyá òdòdó náà dára, kò ní purọ́ fún ọ. Yóò ní ó dára. Yóò sì ní ó ń pa igbó. Òtítọ́ méjì yìí kò ba ara wọn jà nínú rẹ̀. Òtítọ́ kejì ni ó gbé àdá sí i lọ́wọ́, síbẹ̀ kò fọ́ ọ lójú sí èkíní.

Ọ̀rẹ́ mi kejì, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì, kò gbà. Ó ní, “Kí a má dé irú ibẹ̀ mọ́ ni ó dára jù. Kí a jẹ́ kí ó di ahoro pátápátá.” Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Írẹ́lándì ti gbìyànjú irú rẹ̀ wò. Láàárín ọdún 1919 sí 1923, nígbà ogun òmìnira àti ogun abẹ́lé tí ó tẹ̀lé e, ilé ńlá àwọn onílẹ̀ tí ó ju 200 lọ ni a dáná sun. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, n kò sì ní jókòó níhìn-ín kí n dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iná náà kò dá ẹnì kan padà láti Australia.

Ẹ wá wo ilé mìíràn tí ó jóná láìsí ẹni tí ó dá a. Ní àgbègbè Roscommon ni adágún kan wà tí a ń pè ní Lough Key, tí erékùṣù kún inú rẹ̀. Lórí ọ̀kan nínú wọn ni àlàpà ilé olódi kan dúró sí, níbi tí ìdílé MacDermott, tí í ṣe ọba àdúgbò náà láyé àtijọ́, ti ní odi wọn. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó di ti ìdílé King. Ní nǹkan bí ọdún 1810, àwọn wọ̀nyí kọ́ ilé ńlá kan tí wọ́n pè ní Rockingham sí etí adágún. John Nash ni ó ya àwòrán rẹ̀, ẹni náà tí ó sọ Buckingham di ààfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fẹ́ kí ilé náà rí ọgbà àti omi ní gbogbo ìhà, kí ohunkóhun má sì ba ojú jẹ́. Kí ni ohun tí ń ba ojú jẹ́? Àwọn ìránṣẹ́ ni. Nítorí náà wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí abẹ́ ilẹ̀, kí àwọn tí ń gbé ohun ìdáná àti oúnjẹ wọlé lè máa gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, kí èrò òkè má baà rí wọn.

Ní ọdún 1957, ilé náà jóná. Ní ọdún 1971, a wó ògiri tí ó kù. Àwọn baba wa ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí a kò tún un kọ́ mọ́. Kí ni ó wá kù níbẹ̀? Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni ó kù! Yàrá ijó ti lọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti lọ, ṣùgbọ́n ibi tí a fi ìránṣẹ́ pamọ́ sí wà síbẹ̀, àwọn àlejò sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lónìí kí wọ́n tó dé ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó. Ohun tí a kọ́ kí a má baà rí ènìyàn ni ó di ohun tí ènìyàn ń wá wò. Bí a bá ti fi yẹ̀pẹ̀ dí i pa nítorí ìtìjú, ta ni ìbá mọ̀ pé àwọn kan ti gbé ẹrù gba ibẹ̀? Àlàpà dà bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá pa ẹlẹ́rìí kò tíì parí ẹjọ́, ó kàn ran ẹni tí ó jẹ̀bi lọ́wọ́ ni.

Nítorí náà n kò gbà pé kí a má dé ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni kí a ṣe dé ibẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó kàn mí. Bàbá bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣòwò aṣọ ní Kùmásì fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ó kọ́ ilé síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáná fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bàbá àgbà kó ohun tí ó lè kó, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bàbá mi ní kí òun lọ wo ilé tí a bí òun sí. Ó bá a níbẹ̀, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kí i dáadáa, wọ́n fún un ní omi mu. Ó bi wọ́n pé ta ni ó kọ́ ilé yìí. Wọ́n ní bàbá àwọn ni. Bàbá mi mu omi náà, ó dúpẹ́, ó sì jáde. Nígbà tí ó ń sọ ìtàn yìí fún wa, ó ní, “Kì í ṣe pé wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ni ó dùn mí. Ènìyàn ní láti gbé ibì kan. Pé orúkọ bàbá mi kò sí lẹ́nu wọn ni ó dùn mí.”

Ọ̀rọ̀ bàbá mi yìí ni mo fi wọn ọ̀rọ̀ Glenveagh. Mo bi ara mi pé, bí ọmọ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn 244 bá ti Australia padà wá, kí ni yóò dùn ún jù? Ṣé ẹ̀rín nọ́ọ̀sì kan ní etí omi? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò dùn ún ni bí nọ́ọ̀sì náà bá sọ fún un pé, “Ibí yìí dára púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí.” Nítorí náà, èrò mi ni pé ayọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn yọ̀, kí ó sì kọ̀ láti mọ̀.

Ohun kejì wà, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mímọ̀ nìkan kò ṣí ilẹ̀kùn. Ní Killarney, níbi tí àlàpà ilé ìsìn Muckross ti ọdún 1448 ti wà lẹ́bàá adágún, ìdílé Herbert ní ilé ńlá kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 kan náà, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí a lé àwọn ará Derryveagh, Ọbabìnrin Victoria wá bá wọn lálejò níbẹ̀. A ní owó tí wọ́n ná láti fi múra dè é wà lára ohun tí ó bà wọ́n lọ́rọ̀ jẹ́. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ilé bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1911, olówó Amẹ́ríkà kan, William Bourn, rà á fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Maud, nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Maud kú ní ọdún 1929. Ní ọdún 1932, àwọn òbí rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ fi ilé náà àti nǹkan bí 11,000 éékà ilẹ̀ ta orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì lọ́rẹ ní ìrántí rẹ̀. Bí ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ti ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ tí a fi ẹnu ọ̀nà tì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún di ibi tí ọmọ alágbàṣe lè rìn.

Ó rí bẹ́ẹ̀ ní Glenveagh pẹ̀lú. Ẹni tí ó ni ilé olódi náà gbẹ̀yìn ni Henry McIlhenny ará Philadelphia, tí ó rà á ní ọdún 1937. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó ti Donegal lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1975, ó gbà láti ta ilẹ̀ náà fún ìjọba kí ó lè di ti gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn náà ó sì fi ilé àti ọgbà tọrẹ. Ní ọdún 1984, a ṣí ọgbà náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lónìí, a kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ rìn nínú rẹ̀. Èyí kò san gbèsè àwọn 244. Kò sí ohun tí ó lè san án. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí sàn ju èyí tí a tì lọ, ẹni tí ó bá sì ṣí i ti dẹ́kun láti máa jẹ nínú ohun tí Adair ṣe.

Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí wá bá àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya yìí? Ẹ má ṣe rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Ohun tí ó dẹ́rù bà mí jù nínú ìtàn náà ni pé gbogbo rẹ̀ bá òfin mu. Adair kò yọ idà. Ó lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì gba ìwé àṣẹ. Kí ọlọ́pàá tó lè lọ, kò lè ṣe kí akọ̀wé kan má jókòó, kí ó má fi kálàmù kọ orúkọ àwọn tí a fẹ́ lé sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bóyá ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Bóyá ó lọ sílé jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jẹ́ akọ̀wé. Mo ronú nípa ọkùnrin náà ju bí mo ti ronú nípa Adair lọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé ń gba abẹ́ ọwọ́ yín kọjá, ẹ mọ ohun tí mo wí. Ẹ̀yin oníṣòwò pẹ̀lú, ẹ mọ ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa ń di olówó pọ́ọ́kú lójijì nítorí pé ẹni tí ó ni ín ń sá lọ. Ẹni tí ó rà á lọ́jọ́ náà kò rú òfin. Ṣùgbọ́n bí ó bá kun ṣọ́ọ̀bù náà tán tí ó dára, tí ọmọ rẹ̀ sì bi í pé ta ni ó kọ́ ọ, kí ni yóò wí?

Mo kọ èsì sí àbúrò mi báyìí: “Ìwọ kò ṣẹ̀. Ẹ̀rín rẹ kò lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí o ti mọ̀, ìwọ kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mọ́. Padà lọ. Wá àlàpà àwọn tí a lé jáde, kí o dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí o tó lọ sí etí omi. Bí o bá mú àlejò lọ, sọ fún un. Lẹ́yìn náà, máa rìn, kí o sì máa rẹ́rìn-ín.”

Ó padà lọ ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ winniwinni, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n bá ògiri kan tí kò ga ju orókún ọmọ náà lọ. Ọmọ náà ní kí ni ibí yìí. Ìyá rẹ̀ ní ilé àwọn kan ni. Ọmọ náà wo inú rẹ̀ yíká, ó ní, “Ṣé wọ́n á padà wá?” Àbúrò mi ní òun kò mọ ohun tí òun yóò wí, nítorí náà òun kọ́ ọ bí a ti ń kí onílé. Àwọn méjèèjì dúró ní ẹnu ibi tí ilẹ̀kùn ti wà rí, wọ́n ní, “Ẹ kú ilé o.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí adágún, wọ́n sì jẹun.

Akọ̀wé Ìjọ